Òkúta Iwájú Ọsàn

Lójú ọ̀nà oko tó gba ẹ̀yìn Ìlọfà lọ sí Ìdòfin, igi iṣin kan wà níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní bí àgbàlá ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ilé Májẹ́kódùnmí ti ń pàtẹ láti ayé ìyá ọkọ wọn, wọn kì í sì í jókòó tì í. Wọ́n á to ọsàn ní òkìtì-òkìtì, wọ́n á ka òkúta wẹ́wẹ́ síwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé àwo kalẹ̀, wọ́n á gba oko lọ. Òkúta kan, ọgọ́rùn-ún náírà. Bí o bá rí òkúta márùn-ún, o ti mọ ohun tí o máa jù sínú àwo. Nígbà tí o bá gbé ọsàn, wàá kó òkúta rẹ̀ dà sí ìdí igi, kó má bàa dà bí ẹni pé ilẹ̀ ni wọ́n ń tà. Àgbẹ̀ ń rà, ọlọ́kadà ń rà, àwọn ọmọ ìlú tó ti Èkó wá sìnkú náà ń rà, wọ́n á tún fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kì í ṣọ́ ẹnikẹ́ni.

Apá ọ̀tún igi jẹ́ ti Fẹ́yìsayọ̀, ìyá Gideon, ìyálé ilé. Apá òsì jẹ́ ti Damaris, ìyá Wisdom, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọkọ àwọn méjèèjì ti kú. Oko ọsàn kan náà ni wọ́n pín láàárín, igi iṣin kan náà sì ni ìyá ọkọ wọn fi lé wọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí koríko hù níbẹ̀. Kí a má purọ́, wọn ò fẹ́ràn ara wọn rí. Lójú Fẹ́yìsayọ̀, ìwé mẹ́fà tí Damaris kà ló ń gùn ún bí ẹṣin. Lójú Damaris, nítorí pé Fẹ́yìsayọ̀ ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó rò pé òun ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀run ṣọ́. Ṣùgbọ́n àìfẹ́ràn wọn ní ìwà. Wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀, wọ́n ń fọn iná lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á wá yínmú nígbà tí ẹnì kejì bá yíjú.

Ọdún tí ọsàn so ju ewé lọ ni ìwà náà bàjẹ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, Fẹ́yìsayọ̀ ti oko dé pẹ̀lú ẹrù igi lórí, ó rí i pé ọsàn òun ti tán pátápátá. Ó fi orin sọ ẹrù kalẹ̀. Nígbà tó da owó inú àwo sórí ìró rẹ̀, ó dá orin náà dúró láàárín. Owó ò pé. Ó tún un kà, kò pé síbẹ̀. Ó wo apá òsì: ọsàn Damaris jókòó gbáú bí èyí tí wọ́n gbìn síbẹ̀. Ó rò ó wò. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ò tà, tí àwo ẹlòmíràn sì kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibo ni ojú rẹ̀ máa lọ? Ó fi í sínú. Ó tún ṣẹlẹ̀, ó sì tún ṣẹlẹ̀.

Damaris ló kọ́kọ́ lanu. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ìka méjì gbé òkúta kan sókè bí ẹni tó ṣa kòkòrò nínú ẹ̀wà. Ó ní márùn-ún-márùn-ún lòun kà síwájú ọsàn òun láàárọ̀, mẹ́fà-mẹ́fà lòun padà wá bá. Ó ní àwọn ọlọ́kadà á wo tòun, wọ́n á wo ti ìyálé, wọ́n á ra ti ìyálé. Ó ní òun ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí òkúta tó lẹ́sẹ̀.

Fẹ́yìsayọ̀ ò gbójú kúrò nínú ẹ̀gúsí tó ń bó. "Ìyàwó," ó ní, "láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, olè tí mo mọ̀, yíyọ ló ń yọ. Èyí tó ń fi kún un, ìwọ ni kó o wá fi hàn mí."

"Ta ló pe olè, Ìyá Gideon?"

"Èmi ni mo pè é. Owó ń kúrò nínú àwo mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Damaris lára. Ó ju òkúta náà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń kọrin ní ọjọ́ ìsinmi kó má máa fi ọjọ́ Ajé purọ́ mọ́ opó ẹgbẹ́ rẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ ní opó yàtọ̀ sí opó, pé opó kan wà tó ti ń ṣojúkòkòrò láti ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n bú ara wọn dé orí àwọn tó ti kú. Hajarat, aládùúgbò wọn, tó wá yá asẹ́, jókòó sórí odó tí wọ́n da dojú dé, kò yá asẹ́ mọ́, kò sì lọ ilé.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Joy wà nílé. Joy ni ọmọ Gideon, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Gideon ń wakọ̀ ní Ìlọrin, ó fi ọmọ náà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ara ìyá lè máa yá. Ọmọ ọlọ́wọ́-yíyá ni, òun ló ń ru igbá ọsàn dé abẹ́ igi láàárọ̀. Fẹ́yìsayọ̀ á to ọsàn, á ka òkúta, á gba oko lọ. Joy á wẹ ẹsẹ̀ nínú ìrì, á gba ilé ìwé lọ. Ìwé kan wà tí ọmọ náà kì í fi sílẹ̀ nígbà yẹn. Ọmọ ìlú kan tó ń gbé Àbújá ló kó àpótí ìwé aláwòrán kan wá fún ilé ìwé wọn nígbà tó wá sìnkú ìyá rẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní ìmọ̀ ọjà títà àti owó níná. Tíṣà wọn ń fún wọn gbé lọ sílé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Joy á na ìwé sórí ẹsẹ̀, á máa kà á sókè, ìyá àgbà á máa bó ẹ̀gúsí, á máa kọrin bò ó mọ́lẹ̀. Ó ń gbọ́, kò gbọ́.

Ọjọ́ kan, ṣáájú kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí dín, ni Joy ti bi í pé, "Yèyé, bí ọjà bá pọ̀ jù tí kò tà ńkọ́?"

Fẹ́yìsayọ̀ ò tilẹ̀ dá orin dúró dáadáa. "Wọ́n á dín in kù," ó ní. "Ṣé kí ó rà síni lọ́wọ́ ni?" Ó sì padà sórí orin rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìjà ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni Fẹ́yìsayọ̀ gbọ́ tí àwọn ọmọ tó ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ ń pe Damaris ní Ìyá Òkété. Eyín iwájú Damaris méjì yọ síta, ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ọmọge rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí orúkọ tó bá a mu tó bẹ́ẹ̀ fún un rí. Fẹ́yìsayọ̀ gbé garawa omi rẹ̀ ru, ó sì ń mì tìtì lábẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀rín. Kò béèrè ibi tí orúkọ náà ti wá. Ta ní í lá oyin tó ń béèrè ilé ìyá oyin? Kó tó délé, ó ti sọ ọ́ dorin, ó sì gbé e jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tó ń gbálẹ̀ iwájú ilé:

*Òkété kan ń bẹ nílé wa o,*
*Ẹ̀rín ló ń rín.*
*Kò gbé'gi oko, kò p'omi odò,*
*Ẹ̀rín ló ń rín.*
*Ọjà rẹ̀ ò tà, ọwọ́ rẹ̀ ń wọ àwo,*
*Ẹ̀rín ló ń rín!*

Ní Ìlọfà, orin ìgbálẹ̀ kì í dárúkọ, ṣùgbọ́n ó mọ ilé tó ń lọ. Orin náà dùn, ibi tó ti burú nìyẹn. Àwọn ọmọdé gbè é. Àwọn ìyàwó ilé tí kò fẹ́ dá sí i ń mi orí láìmọ̀. Hajarat tún padà wá yá asẹ́. Damaris gbọ́ ọ láti ibi tó ti ń gún iyán, ó fún odó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó sinmi, lẹ́yìn náà ọmọrí odó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń lù fún orin tirẹ̀:

*Àgbà tó fi òkúta kún'jà ọlọ́jà,*
*Òkúta á di ẹrù lórí ẹ.*
*Àgbà tó lé orin l'ọ́jọ́ ìsinmi,*
*Òkúta á di ẹrù lórí ẹ.*

Báyìí ni àárọ̀ ilé Májẹ́kódùnmí ṣe rí. Ìgbálẹ̀ ń kọ, odó ń dáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gidi ní láti jáde lọ sí títì.

Bàbá Ilésanmí ló pè wọ́n jókòó. Òun ló kù láàyè nínú àwọn ọmọ Májẹ́kódùnmí, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kì í sì í fẹ́ ariwo. Ó jẹ́ kí àwọn méjèèjì rò títí ọ̀rọ̀ fi gbẹ lẹ́nu wọn. Ó wá rán wọn létí òfin ilé náà, èyí tó ti wà kí wọ́n tó gbé èyíkéyìí nínú wọn wọlé: ẹni tó bá fi orin ba ẹlòmíràn jẹ́, tí ọ̀rọ̀ náà bá já sí irọ́, ó gbọ́dọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ sínú orin náà, kó kọ ọ́ síta fún àwọn tó gbọ́ ọ. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ń purọ́ nínú wọn, òun ò sì ní wádìí, torí òun kì í ṣe ọlọ́pàá.

"Ṣùgbọ́n bí Kérésìmesì bá bá ìjà yìí nílẹ̀," ó ní, "ẹ̀gún ni màá fi dí abẹ́ iṣin. Kò ní í jẹ́ ti ìwọ, kò ní í jẹ́ ti ìwọ."

Fẹ́yìsayọ̀ dìde níbẹ̀. Abẹ́ iṣin ni ìyá ọkọ rẹ̀ mú un lọ ní ọ̀sẹ̀ tó wọlé ọkọ, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣa òkúta létí odò, èyí tó dán, tó bára mu, kí ojú òǹrajà má bàa ṣì í. Ọmọ mẹ́rin ló fi owó abẹ́ igi náà tọ́. Bí wọ́n bá fi ẹ̀gún dí ibẹ̀, kí ló kù tó máa jí òun láàárọ̀? Ó sì dá a lójú bí ọ̀sán gangan pé tí òun bá lè mú olè náà, Damaris ló máa lọ, òun ló máa dúró.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pa ààlè.

Ó mọ̀ pé bí àlùfáà bá gbọ́, wọ́n á yọ òun kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó pa á náà. Ó mú ṣàṣà ìgbálẹ̀ tó ti jẹ tán, ó mú ìkarahun ìgbín òfìfo, ó fi àkísà pupa so wọ́n pọ̀, ó sì fi wọ́n kọ́ ẹ̀ka iṣin lókè ọsàn rẹ̀. Joy dúró tì í, igbá wà lórí rẹ̀.

"Ọwọ́ tó ń dé ibi tí kò yẹ kó dé ní ìdí ọjà mi," Fẹ́yìsayọ̀ wí, "kó gbẹ bí ìgbálẹ̀ yìí. Kí ilé rẹ̀ ṣófo bí ìkarahun yìí."

"Yèyé, ta lẹ ṣe é fún?" Joy bi í.

"Olè."

Ọmọ náà wo ààlè, ó mi orí pé òun gbọ́, ó sọ igbá kalẹ̀, ojú rẹ̀ ò yí padà. Inú ìyá àgbà dùn sí i. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bẹ̀rù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọsàn tán, owó tún dín. Ọjọ́ kejì bákan náà. Damaris kọjá lábẹ́ ààlè, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó tutọ́, ó sì sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé omi àdúrà tí òun ń mu ní ìjọ Aládùúrà ju ìgbálẹ̀ ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún wá fìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀ lójú Fẹ́yìsayọ̀. Ta ló ń tutọ́ sí ààlè bí kò ṣe ẹni tí ààlè ń bá wí? Ó fi ẹsẹ kan kún orin ìgbálẹ̀.

Ọjọ́ tí ilé ìwé fẹ́ padé fún Kérésìmesì, wọ́n pe àwọn òbí. Damaris jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú nítorí Wisdom ọmọ rẹ̀ kékeré fẹ́ ka orí Bíbélì. Fẹ́yìsayọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó ń wo gèlè orí Damaris bí ẹni tó ń wo ejò. Bàbá Ilésanmí wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú. Tíṣà Àyànfẹ́olúwa, ọmọge kan tó ń wọ mọ́tò láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin wá lójoojúmọ́, dìde, ó ní kí àwọn òbí wá wo ohun tí ìwé aláwòrán ti ṣe fún àwọn ọmọ wọn. Ó ṣí ìwé kan, ó nà án sókè kí gbogbo ènìyàn rí i.

Àwòrán náà tóbi. Ọ̀kẹ́rẹ́ dé fìlà, ó ń ta ẹyìn pupa. Òkété wé gèlè, ó ń ta ẹyìn pupa bákan náà, eyín rẹ̀ méjì yọ síta. Tíṣà ṣàlàyé pé ẹyìn pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà. Ọ̀kẹ́rẹ́ dín owó tirẹ̀ kù, ó tà tán, ó lọ sílé ṣeré. Òkété fi owó lé tirẹ̀, ó sì sùn sórí ẹyìn rẹ̀ mọ́jú.

Fẹ́yìsayọ̀ rí gèlè, ó rí eyín, ó rí òkìtì ọjà tí kò tà. Ibi tí Ìyá Òkété ti wá nìyí! Ó fi ìró bo ẹnu, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n léjìká. Ẹ̀yìn ọrùn Damaris ti gbóná, ó ń dán fún òógùn.

Tíṣà wá bi àwọn ọmọ pé ta ló ti fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe nǹkan nílé. Joy na ọwọ́ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó jáde síwájú, ó dúró ṣanṣan, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀.

"Orúkọ mi ni Joy Májẹ́kódùnmí. Ọsàn pọ̀ nílé wa. Láràárọ̀, tí Yèyé mi bá ti lọ oko, mo máa ń yọ òkúta kọ̀ọ̀kan kúrò níwájú ọsàn wọn. Tiwọn ló máa ń kọ́kọ́ tán. Èmi ni Ọ̀kẹ́rẹ́."

Tíṣà ti fẹ́ pàtẹ́wọ́. Kò mọ ìjà ilé wọn, ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá. Ó bi í, ohùn rẹ̀ dùn, pé kí ni ó ń fi òkúta tó yọ náà ṣe.

"Mo ń kó o síwájú ti Màmá Wisdom. Yèyé mi ní kí n má máa da nǹkan nù."

Ẹ̀rín ẹnu Fẹ́yìsayọ̀ gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Owó ò kúrò nínú àwo; òkúta ló kúrò kí owó tó wọ̀ ọ́, àwọn òǹrajà sì san ohun tí wọ́n bá. Lẹ́yìn èyí ni òmíràn wá kọlù ú tó ju owó lọ: ìgbálẹ̀ àti ìkarahun. Ọwọ́ tó ń dé ibi tí kò yẹ kó dé. Ilé rẹ̀. Ilé ta ni?

Ó dìde, ó sì kọjú ìjà sí Tíṣà, torí òun ló mú ìwé náà lọ́wọ́. Ó bi í pé ṣé olè jíjà ni ìjọba ń san owó oṣù fún un láti máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọge náà di ìwé mọ́ra, ó ní ìwé ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọjà ẹlòmíràn, olúkúlùkù ló ní owó ọjà tirẹ̀. Ó ní òun náà ì bá ti tẹnu mọ́ ọn, òun ò rò ó débẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ yíjú sí Joy, ó gbé ọwọ́ sókè. Ojú ọmọ náà ti ń kún.

"Yèyé, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n dín in kù."

"Àbí lábẹ́ ààlè ńkọ́? Ìwọ ò rí ààlè?"

"Ẹ ní olè lẹ ṣe é fún. Èmi kì í ṣe olè."

Ọwọ́ tí ìyá àgbà gbé sókè ò rí ibi sọ̀ sí. Damaris ti dìde níwájú, kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù.

"Ìyálé mi," ó ní, "ẹ ti gbọ́. Gbogbo ayé ti gbọ́. Mo fẹ́ orin mi."

Bàbá Ilésanmí mú ọ̀pá rẹ̀. Kò sọ ju pé Kérésìmesì ti dé tán, pé ẹ̀gún pọ̀ nínú oko òun.

Wọ́n jọ rìn lọ sábẹ́ iṣin, àwọn ìyàwó ilé tẹ̀lé e, àwọn ọmọ ilé ìwé tẹ̀lé e, Hajarat wà níwájú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó pè é. Fẹ́yìsayọ̀ di ọwọ́ Joy mú kankan, ó ń tẹ ìka ọmọ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n ti ń gbẹ. Wọ́n rọ̀, wọ́n gbóná, wọ́n sì kún fún ẹ̀ẹ́rí ọsàn. Nígbà tó dé ìdí igi, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó já ààlè náà bọ́, ó tú àkísà, ó fọ́ ìkarahun mọ́ gbòǹgbò igi, ó kán ìgbálẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó sì ń sọ lábẹ́ ẹnu pé ẹnu tó so ó ló tú u, kó má ṣe mọ ilé ẹnikẹ́ni.

Ó wá dúró. Ó rò pé ìyẹn á tó. Ó wo ojú Damaris, kò tó.

Ó bẹ̀rẹ̀ orin náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Damaris ní òun ò gbọ́, pé nígbà tí orin náà ń bú òun, ó dé ọ̀nà Ọ̀pin. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Fẹ́yìsayọ̀ wo ọ̀run, ó wo igi tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀gún dí, ó sì fa ohùn yọ láti ìsàlẹ̀ ikùn, ohùn tó fi ń lé orin ìkórè:

*Fẹ́yìsayọ̀ ń bẹ nílé wa o…*

Kò sẹ́ni tó gbè é. Ó dúró. Ó tún un lé. Nígbà náà ni Damaris fúnra rẹ̀ dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí, eyín rẹ̀ méjèèjì gba afẹ́fẹ́, ìyálé ń lé, òun ń gbè:

*Ẹ̀rín ló ń rín!*
*Kò béèrè, kò wádìí,*
*Ẹ̀rín ló ń rín!*
*Ọmọ inú ilé rẹ̀ ló pa ààlè fún,*
*Ẹ̀rín ló ń rín!*

Ẹsẹ tó kẹ́yìn yẹn, Fẹ́yìsayọ̀ ò mọ ibi tó ti jáde lẹ́nu òun. Ó dùn jù ni. Àwọn ọmọ gbè é, wọ́n ń fo sókè. Hajarat ń pàtẹ́wọ́. Damaris jẹ́ kó kọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há, kò sì sọ pé ó tó. Lẹ́yìn tó sú òun fúnra rẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní orin ti pé, ṣùgbọ́n òun ò ní dáríjì í kí ọsàn tó wọ́n. Fẹ́yìsayọ̀ ní òun ò bẹ̀ ẹ́. Bàbá Ilésanmí ní kí àwọn méjèèjì máa pàtẹ wọn lọ, pé ìjà ẹnu ni òun kà léèwọ̀ níbẹ̀, òun ò ka ojú tí wọ́n bá fi wo ara wọn.

Fẹ́yìsayọ̀ kìlọ̀ fún Joy pé kó má tún fi ìka kan òkúta ẹnikẹ́ni títí ó fi máa lọ sílé ọkọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí òun àti ọmọ náà dé abẹ́ iṣin. Damaris ti dé ṣáájú wọn, ó ti pàtẹ, ó ti lọ. Ohùn rẹ̀ ń ti ọ̀nà oko bọ̀ lókèèrè, ó ń kọrin, orúkọ Fẹ́yìsayọ̀ ló sì wà nínú orin náà. Ìyá àgbà pòṣé. Ó to ọsàn rẹ̀, ó ka òkúta márùn-ún-márùn-ún bí àtẹ̀yìnwá. Ó fẹ́ lọ. Ojú rẹ̀ bá apá òsì.

Mẹ́rin-mẹ́rin ni òkúta Damaris.

Ó wo Joy. Joy ti kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ti fún ètè pọ̀, ó ń mi orí pé kì í ṣe òun. Rárá, kì í ṣe ọmọ náà. Ìwé ọ̀kẹ́rẹ́ ti wọ orí ẹni tó ka ìwé mẹ́fà.

"Àṣé ó gbọ́ ohun tí wọ́n kà," Fẹ́yìsayọ̀ wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ òkúta kọ̀ọ̀kan kúrò níwájú tirẹ̀. Ó nà ró. Ó tún wo ibi tí orin ti ń bọ̀, orin náà ṣì ń dárúkọ rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì yọ òkúta kejì, ó dà wọ́n sí ìdí igi gbàràgàdà. Mẹ́ta-mẹ́ta. Jẹ́ kó wá kà á.

Ọlọ́kadà kan ń ti Ìdòfin bọ̀. Ó dúró, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó lè rí nǹkan kó ọsàn sí.